Títì, Gọ́tà, Ṣọ́ọ̀bù àti Ìnáwó: Ìbéèrè Tí Ará Àdúgbò Máa Ń Béèrè Nípa Òfin Káńsù

Ìbéèrè kan náà ló máa ń jáde ní gbogbo ìpàdé onílé àti ayálégbé: ta ló ni gọ́tà, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó, ìwé wo la ó gbà kí a tó dí títì. Mo kó wọn jọ síbí pẹ̀lú ìdáhùn. Èkó àti Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ inú rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ tí mo mẹ́nu bà kan gbogbo wa.

Káńsù wo ló ni àdúgbò mi?

Ìpínlẹ̀ Èkó ní ìjọba ìbílẹ̀ 20 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999. Ọ̀yọ́ ní 33, mọ́kànlá nínú wọn sì jẹ́ ti Ìbàdàn. Ní 2003, ìjọba Èkó dá 37 mìíràn sílẹ̀, àwọn tí a ń pè ní LCDA, ìyẹn agbègbè ìdàgbàsókè ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò sí nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ mọ̀ wọ́n, wọ́n ní alága àti kánsẹ́lọ̀ tí a dìbò yàn, ọ́fíìsì wọn ni ẹ ó sì bá ṣe.

Ẹ má fi orúkọ àdúgbò méfò. Ẹni tó ní Agége lòun ń gbé lè wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Agége, ó sì lè jẹ́ Orílé-Agége ló ni òpópónà rẹ̀. Ẹ bi kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé. Mo ti rí ẹni tó sanwó ṣọ́ọ̀bù fún káńsù kejì fún ọdún púpọ̀ nítorí pé kò béèrè.

Iṣẹ́ wo gan-an ni òfin gbé lé káńsù lọ́wọ́?

Àfikún Kẹrin ìwé òfin 1999 ló tò wọ́n. Lára wọn ni ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran àti ilé ìyàgbẹ́ ìlú, títì kéékèèké, iná ojú títì, gọ́tà, ọgbà ìtura àti gbangba ìlú, kíkó pàǹtírí, itẹ́ òkú, sísọ òpópónà lórúkọ àti fífún ojúlé ní nọ́ńbà, ṣíṣàkóso ṣọ́ọ̀bù, kíósì, bùkà, ilé búrẹ́dì, ilé ọtí, pátákó ìpolówó àti ẹran ọ̀sìn. Ọmọlanke, kẹ̀kẹ́ ológeere àti ọkọ̀ ojú omi alájẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé káńsù kò lówó, ẹ rántí pé ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ láti Àbújá máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù tí aráàlú dìbò yàn. Nítorí náà, bí gọ́tà àdúgbò bá bàjẹ́, ilé káńsù ni kí ìwé ẹ̀bẹ̀ ti kọ́kọ́ dé.

Àwọn kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní káńsù ló rán àwọn. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni?

Ẹ béèrè káàdì ìdánimọ̀ wọn. Ẹ béèrè ìwé tó sọ iye owó, tó ní orúkọ yín tàbí ti ṣọ́ọ̀bù yín lórí. Ẹ bi wọ́n pé òfin káńsù wo ló ní kí a san án. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àkáǹtì káńsù ní bánkì. Ẹni tí káńsù rán ní tòótọ́ kì í bínú sí èyí. Ẹni tó bá ní kí ẹ kówó lé òun lọ́wọ́, tàbí tí àkáǹtì tó mú wá ń jẹ́ orúkọ èèyàn, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà láti 1998 tó to owó orí àti owó àṣẹ tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà: ti àpapọ̀ lọ́tọ̀, ti ìpínlẹ̀ lọ́tọ̀, ti ìbílẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin yìí kan náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dábùú ọ̀nà láti gbowó. Ẹni tó bá dábùú ọ̀nà nítorí owó orí, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí owó ìtanràn ₦50,000 ló wà níwájú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Àwọn tó ń na igi tó ní ìṣó sójú títì kí ọkọ̀ akẹ́rù má bàa kọjá, òfin ni wọ́n ń rú, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já kò sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Ẹ ya fọ́tò rìsíìtì yín lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á. Yíǹkì orí bébà míì kì í pẹ́ parẹ́.

Ṣé mo lè béèrè láti rí òfin káńsù náà fúnra mi?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún gbogbo èèyàn láǹfààní láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tí òun fi fẹ́ ẹ, ilé iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ fèsì láàrin ọjọ́ méje. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ fi ń jiyàn pé òfin yìí kò kan àwọn. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ parí àríyànjiyàn náà ní 2025: ó kan gbogbo ìjọba, títí dé káńsù.

Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ “a ti gbà á” sórí èyí tí ẹ máa mú lọ sílé. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, wọn á ní àwọn kò rí lẹ́tà kankan.

Títì iwájú ilé mi ti bàjẹ́. Ta ni mo máa bá wí?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ín. Títì ńláńlá tó so ìpínlẹ̀ pọ̀, bíi ti Èkó sí Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Àwọn tó so ìlú sí ìlú àti àdúgbò ńlá sí àdúgbò ńlá sábà máa ń jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Òpópónà inú àdúgbò, tí kò kọjá ìwọ̀n ilé díẹ̀, ti káńsù ni.

Lẹ́tà tó lọ síbi tí kò yẹ lè jókòó síbẹ̀ títí òjò á fi dé. Ẹ kọ orúkọ òpópónà, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ àti ibi tó parí sí, kí ẹ sì fi fọ́tò mọ́ ọn. Lẹ́tà tí CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, fọwọ́ sí máa ń wúwo ju ti ẹnìkan lọ.

Ta ló yẹ kó kó gọ́tà iwájú ilé mi?

Káńsù tàbí ìpínlẹ̀ ló ń la gọ́tà, ẹni tó ń gbé ilé tàbí tó ń lo ṣọ́ọ̀bù ló ń mú èyí tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Ayálégbé kò lè ní ti lánlọ́ọ̀dù ni, lánlọ́ọ̀dù náà kò sì lè ní òun kò gbé ibẹ̀. Bí wolé-wolé bá dé, ojúlé tí ìdọ̀tí wà níwájú rẹ̀ ló máa kọ ìwé fún. Odò àti ojú àgbàrá ńlá tó gba àárín àdúgbò púpọ̀ kọjá, iṣẹ́ ìpínlẹ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe dá a dáwọ́ lé.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni ẹrẹ̀ tí a kó jáde tí a wá fi sílẹ̀ sétí gọ́tà. Òjò àkọ́kọ́ á gbá a padà síbi tó ti wá. Ẹ bá àwọn akólẹ̀ tàbí káńsù sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa kó gọ́tà, kí ọkọ̀ lè wá gbé e lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ kó o sínú àpò kó lè rọrùn láti gbé, ẹ má sì da á sórí ilẹ̀ aládùúgbò tí kò tíì kọ́lé.

Ìbàdàn mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ìparí oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún bo ilé, ẹ̀mí púpọ̀ lọ, a sì ń pe ìkún-omi irú rẹ̀ ní omíyalé títí dòní. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011 ni omi tún dé, ó gbé afárá lọ, ó pa èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Òjò pọ̀ nígbà méjèèjì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pàǹtírí tó dí ojú omi àti ilé tí a kọ́ sí etí odò wà lára ohun tó sọ òjò di ikú. Nítorí náà ni mi ò fi lè fojú kékeré wo ọ̀rá omi kan tí a jù sí gọ́tà.

Ohun méjì ni òfin kọ̀ pátápátá: fífi páìpù sọ́kàwéè tàbí ilé ìyàgbẹ́ sínú gọ́tà, àti dída kọnkéré bo gọ́tà láìsí ihò tí a lè gbà kó o. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe afárá kí ọkọ̀ lè wọ ilé yín, ẹ ṣe é ní pẹlẹbẹ tó ṣeé ṣí.

Ṣé wọ́n lè mú mi bí mo bá jáde lọ́jọ́ Sátidé ìmọ́tótó?

Láyé ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn, láàrin 1984 sí 1985, ni ìmọ́tótó ìparí oṣù ti bẹ̀rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn. Ní oṣù Kẹta 2015, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sọ pé kò sí òfin tó fún ìjọba lágbára láti sé èèyàn mọ́lé báyẹn. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ irú rẹ̀ ní 2016, ìjọba Èkó sì fagi lé ìsémọ́lé náà ní oṣù Kọkànlá ọdún náà.

Àwọn ìpínlẹ̀ míì ṣì ń pe ọjọ́ ìmọ́tótó. Ẹ tún àyíká yín ṣe, nítorí ìlera yín ni. Ẹjọ́ tí wọ́n dá kò ní kí ilé ẹnikẹ́ni dọ̀tí; ìrìn ni wọn kò gbọ́dọ̀ sé.

Ta ni mo máa fún ní pàǹtírí ilé mi?

Ní Èkó, LAWMA, ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí pàǹtírí, ló ń bójú tó o, àwọn akólẹ̀ aládàáni tí a ń pè ní PSP tí wọ́n yàn fún òpópónà yín ló sì ń wá kó o. Ní Ọ̀yọ́ náà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń yan akólẹ̀ fún àdúgbò. Ẹ sanwó sí àkáǹtì tó wà lórí ìwé owó, ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n wá àti ọjọ́ tí wọn kò wá sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbowó láìkó ìdọ̀tí, àkọsílẹ̀ yẹn ni CDA máa fi jà fún yín.

Ọlọ́mọlanke tó ń gba owó kékeré dà bí ẹni tó dín ìnáwó kù. Ẹ bi í léèrè ibi tó ń da á sí. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, abẹ́ afárá tàbí ojú odò ni, yóò sì padà wá bá wa nígbà òjò. Sísun pàǹtírí nínú àgbàlá náà lòdì sófin, èéfín rẹ̀ sì ń pa ọmọ aládùúgbò yín lára.

Èkó ti fòfin de abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ láti oṣù Kìíní 2024. Ọ̀rá àti ike tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tẹ̀ lé e ní oṣù Keje 2025.

Wolé-wolé dé, ó ní òun fẹ́ wo ẹ̀yìnkùlé. Ṣé mo lè lé e?

Ẹ má lé e. Ẹ béèrè káàdì rẹ̀, kí ẹ rí i pé ojúmọmọ ni, kí ẹ sì bá a rìn yíká. Ohun tó wá wò ni ilé ìyàgbẹ́, kànga, ibi ìdáná, ibi tí omi ti dúró tí ẹ̀fọn lè yé sí, àti ibi tí ẹ ń da ìdọ̀tí sí.

Bí ó bá rí àbùkù, ìwé ló máa kọ fún yín, ìwé náà yóò sì sọ ohun tí ẹ máa tún ṣe àti iye ọjọ́ tí ẹ ní. Bí ẹ bá tún un ṣe kí ọjọ́ tó pé, ọ̀rọ̀ parí. Bí ẹ kò bá ṣe é ni ilé-ẹjọ́ tó kàn. Wolé-wolé kò lágbára láti bu owó ìtanràn lẹ́nu ọ̀nà kó sì gbà á sápò. Adájọ́ ló ń bu ìtanràn.

Ilé tí a fi rẹ́ńtì tí kò ní ilé ìyàgbẹ́, lánlọ́ọ̀dù ló ní ẹjọ́ rẹ̀. Àṣẹ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá 2019 ni pé kí ìyàgbẹ́ ní gbangba dópin ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ máa gba owó ilé lọ́wọ́ èèyàn kí ẹ sì jẹ́ kó máa lọ sínú igbó.

Mo fẹ́ ṣe òkú ìyá mi. Ṣé mo lè dí títì?

Bí títì náà bá jẹ́ ti káńsù, káńsù lè fún yín láṣẹ. Owó àríyá àti títi ọ̀nà wà nínú ohun tí òfin 1998 fi lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ títì ìpínlẹ̀ tàbí ti àpapọ̀, ìwé káńsù kò ràn yín lọ́wọ́, àwọn agbófinró lè tú kánópì yín lójú àlejò.

Ẹ kọ lẹ́tà sí alága káńsù, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ sọ ọjọ́ náà, aago tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ àti aago tí ẹ máa ṣíwọ́, ilé tí kánópì máa ti bẹ̀rẹ̀ àti ilé tó máa parí sí, àti òpópónà tí ọkọ̀ lè gbà dípò rẹ̀. Kí alága ẹgbẹ́ onílé fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó ní bánkì tí wọ́n sì fún yín ní ìwé àṣẹ, ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sí tésàn ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì lẹ òmíràn mọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ ìnáwó.

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ tó lè gba ọkọ̀ panápaná. Èyí ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù. Aboyún tó ń rọbí ní ilé kẹta kò lè dúró kí olórin kì yín tán, bẹ́ẹ̀ ni iná kì í béèrè bóyá àlejò ti jẹun. Ẹ má gbá irin kánópì mọ́ ọ̀dà títì, nítorí ihò yẹn ni omi máa ń gbà ba títì jẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́ dáadáa, kí abọ́, ọ̀rá àti egungun ti kúrò nílẹ̀.

Ariwo ilé ìjọsìn tàbí ilé ọtí kò jẹ́ ká sùn. Kí la lè ṣe?

Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo wà láti 2009, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní tiwọn. Ní Èkó, LASEPA, ilé iṣẹ́ tó ń dáàbò bo àyíká ìpínlẹ̀ náà, ló ń mójú tó o. Ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ fún àdúgbò ibùgbé ni dẹ̀síbẹ̀lì 55 lọ́sàn-án àti 45 lóru. Gbohùngbohùn tó kọjú síta kọjá ìyẹn gan-an.

Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá pásítọ̀, lèmọ́mù tàbí ọlọ́tí náà, ẹ̀yin àgbà méjì tàbí mẹ́ta, ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ariwo ló máa ń parí síbẹ̀, tí wọ́n á yí gbohùngbohùn sínú. Bí wọn kò bá gbọ́, ẹ gba ohùn náà sórí fóònù pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ẹ kọ̀wé sí LASEPA tàbí sí ilé iṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀ yín. Ẹ má ṣe lọ gé wáyà wọn.

Ṣé mo lè gbé tábìlì tàbí kíósì síwájú ilé ara mi?

Ilẹ̀ tó wà láàrin fẹ́ǹsì yín àti títì kì í ṣe tiyín, bí ẹ tilẹ̀ ń gbá a lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni gọ́tà, páìpù omi àti òpó iná ń gbà. Kíósì tó wà nínú fẹ́ǹsì yín ń fẹ́ ìwé àṣẹ káńsù. Èyí tó wà lórí gọ́tà tàbí lábẹ́ wáyà iná ńlá kò ṣeé fún níwèé rárá. Bí òṣìṣẹ́ káńsù kan bá gbowó lọ́wọ́ yín lórí èyí tó wà lórí gọ́tà, owó yẹn kò ní gbà yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá wó o.

Ìyá tó ń ta àkàrà lójú ọ̀nà láàárọ̀, àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ohun tí mo ti rí tó ṣiṣẹ́ ni kí CDA bá káńsù sọ̀rọ̀ láti fún irú wọn láyè kan tí kò dí ọ̀nà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Káńsù tó ń lé wọn láìsọ ibi tí wọ́n máa lọ yóò tún bá wọn níbẹ̀ lọ́la.

Owó pátákó àti owó rédíò ńkọ́?

Bí pátákó ṣọ́ọ̀bù yín bá wà ní Èkó, LASAA, ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń ṣàkóso pátákó ìpolówó, ni wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006 fún un. Ọ̀yọ́ náà ní irú rẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè sì tún ka pátákó mọ́ iṣẹ́ káńsù, ìdí nìyí tí àwọn méjèèjì fi lè mú ìwé owó wá. Ẹ má san án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi rìsíìtì ti àkọ́kọ́ han èkejì, kí ẹ sì ní kó fi ìdáhùn rẹ̀ sórí bébà.

Owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ń ya èèyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé òfin gẹ́gẹ́ bí ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà. Ti rédíò inú ọkọ̀, káńsù ní ìpínlẹ̀ tí ẹ ti gba nọ́ńbà ọkọ̀ ló ni ín. Nítorí náà, káńsù tí ẹ kàn ń kọjá lọ kò lè dá yín dúró gbà á.

Mo ń san Land Use Charge l'Ékòó. Káńsù tún mú ìwé tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì wá. Ṣé kí n san án?

Rárá. Land Use Charge, owó tí ìpínlẹ̀ ń gbà lórí ilẹ̀ àti ilé, ti kó tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì (owó tí káńsù ń gbà lórí ilé) àti àwọn owó orí ilẹ̀ míì pọ̀ sójú kan láti 2001. Òfin tó wà nílẹ̀ báyìí jẹ́ ti 2020, lẹ́yìn tí àfikún owó ti 2018 mú aráàlú kígbe. Ẹ fi rìsíìtì rẹ̀ dá káńsù lóhùn. Ilé ìjọsìn àti ààfin ọba tí ìjọba mọ̀ kì í san án, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tó ń gbé nínú ilé ara rẹ̀, bí ó bá kọ̀wé béèrè fún ìdásílẹ̀ náà.

Ní ìpínlẹ̀ tí irú òfin yìí kò bá sí, tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì ṣì jẹ́ ti káńsù, ẹ sì gbọ́dọ̀ san án.

A fẹ́ ṣe géètì àti bọ́ǹpù sí òpópónà wa nítorí olè. Ìwé wo la máa gbà?

Títì ìlú ni, kì í ṣe àgbàlá ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́dọ̀ káńsù kí alágbẹ̀dẹ tó dé. Nínú lẹ́tà, ẹ sọ aago tí ẹ máa tì í, aago tí ẹ máa ṣí i, àti ẹni tó máa ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ní gbogbo òru. Géètì tí ọlọ́dẹ rẹ̀ ti sùn lọ, tí iná sì ń jó nínú, burú ju olè lọ.

Owó géètì tí CDA dá, àdéhùn ni, kì í ṣe owó orí. Ẹgbẹ́ onílé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gé iná ẹni tí kò san án tàbí láti dá ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì. Bọ́ǹpù tí a fi sìmẹ́ńtì mọ láìní ìwọ̀n ń ba ọkọ̀ jẹ́, ó sì ń ṣe aláìsàn tó wà nínú ọkọ̀ léṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka iṣẹ́ òde káńsù fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn yín. Bákan náà, ẹni tó fẹ́ la títì fi páìpù kọjá gbọ́dọ̀ gbàwé, kó sì dí i padà bó ṣe bá a.

Ta ló lè sọ òpópónà lórúkọ?

Káńsù ni, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀. Ẹ kọ̀wé pẹ̀lú ìfọwọ́sí ọ̀pọ̀ onílé, káńsù á wò ó bóyá orúkọ náà ti wà nítòsí, á gbowó, á sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ bá wọn gba nọ́ńbà ojúlé lọ́jọ́ kan náà, kí panápaná lè mọ ibi tó ń bọ̀.

Ewúrẹ́, ajá àti màlúù tó ń rìn kiri ńkọ́?

Ẹran ọ̀sìn wà lábẹ́ àkóso káńsù. Ewúrẹ́ tó jẹ ọ̀gbìn èèyàn, olówó rẹ̀ ló jẹ gbèsè. Ajá gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún, kí ẹ tọ́jú káàdì rẹ̀. Ní ti màlúù, Èkìtì ti fòfin de dída ẹran kiri láti 2016, Ọ̀yọ́ láti 2019, Èkó àti Òndó láti 2021. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ pe Àmọ̀tẹ́kùn tàbí ọlọ́pàá. Ẹ má fọwọ́ ara yín mú darandaran.

Mo jí lówùúrọ̀, mo bá X pupa, àmì pé wọ́n fẹ́ wó ilé, lára ògiri mi. Kí ni mo máa ṣe?

Ẹ má nù ún, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà níbi tí ẹ dúró sí. Ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀dà lásán kì í ṣe ìwé ìkìlọ̀: ìwé gbọ́dọ̀ wà tó sọ òfin tí ẹ rú, ilé iṣẹ́ tó kọ ọ́, ọjọ́ tí ẹ ní àti ibi tí ẹ lè pẹjọ́ sí. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní 2003 pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ ìgbékalẹ̀ ìlú. Nítorí náà, l'Ékòó, LASBCA, ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń ṣàkóso ìkọ́lé, ni ẹ máa kọ́kọ́ bi léèrè nípa ilé, kì í ṣe káńsù.

Ẹ mú ìwé ilẹ̀, pílánù tí wọ́n fọwọ́ sí àti rìsíìtì yín dání. Bí pílánù yín bá pé, ẹ kọ̀wé tako ìkìlọ̀ náà láàrin ọjọ́ tí wọ́n fún yín. Bí kò bá pé, ẹ béèrè bóyá ẹ lè gbàwé àṣẹ lẹ́yìn ìkọ́lé. Fún ilé tí kò sí lórí ojú omi tàbí ilẹ̀ ìjọba, wọ́n máa ń gbà. Ẹ lo lọ́yà ní kíákíá, nítorí ọjọ́ tí òfin fún ẹni tó fẹ́ pe ìjọba lẹ́jọ́ kì í pọ̀.

Bàbá wa ní inú ilé òun ni ká sin òun sí. Ṣé òfin gbà?

Ìbéèrè yìí wúwo, mo sì mọ ohun tó ń so òkú àgbà mọ́ ilé rẹ̀ láàrin wa. Ṣùgbọ́n òfin ìwà ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ń lò, ní abala 246, sọ pé ẹni tó bá sin òkú sínú ilé tàbí àgbàlá nínú ìlú, tàbí sí ibi tí kò tó ọgọ́rùn-ún yáàdì sí ilé ìgbé, láìgba àṣẹ gómìnà, lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Òfin náà ti pẹ́, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò sì mọ̀ pé ó wà.

Ẹ lọ sí ẹ̀ka ìlera káńsù kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n máa tọ́ka ọ̀nà tí ìwé àṣẹ ń gbà, wolé-wolé yóò sì wá wo bí ilẹ̀ ṣe jìn sí kànga yín àti ti aládùúgbò. Ní ibi tí ilé ti há, tí kànga sì súnmọ́ra, èrò tèmi ni pé kí ẹ gbé bàbá lọ sí itẹ́ òkú ìlú tàbí sí ilẹ̀ ìdílé lóko. Omi kànga tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń mu wà lára ohun tó fi sílẹ̀ fún wọn. Bí ẹ bá sì ti sin ín sínú ilé tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ra ilé náà lọ́wọ́ yín kó tó sanwó, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn.